Ilé Bàbá ní Àkúrẹ́: bí ẹ ṣe lè díye lé e, kí ẹ tà á, kí ẹ sì pín owó rẹ̀

Bí àwọn ọmọ bá pé jọ lórí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni "Èló ni ká tà á?" Ẹ̀gbọ́n àgbà á ní ọgọ́ta mílíọ̀nù, nítorí ó gbọ́ pé wọ́n ta ilé kan bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀sítéètì Ìjàpọ̀. Àbúrò tó ń gbé inú ilé náà á ní mílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n, nítorí òun gan-an ló fẹ́ rà á. Èyí tó wà ní Kánádà, tí ohùn rẹ̀ ń já lórí WhatsApp, á ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilé Dádì òun. Ilẹ̀ á ṣú, kò ní sẹ́ni tó béèrè ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, tàbí ìwé tó wà nílẹ̀.

Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ìgbésẹ̀ kẹfà ni mo fi iye ilé sí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹbí tó bá ti mọ àwọn tó ni ilé, tó ti kó ìwé jọ, tó sì ti sọ̀rọ̀ lórí owó ilé tí ẹnìkan ti ń gbà láti ọjọ́ yìí wá, kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo mọ́ tó bá kan iye. Ohun tí mo rí nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni pé ìjà àtijọ́ ni wọ́n ń gbé wọ aṣọ iye.

Ìkíní: Ṣé ti Bàbá nìkan ni?

Ilé tí bàbá yín fi owó ara rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ tó rà yàtọ̀ sí èyí tó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ti bàbá àgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá yín ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ èyí tó ti kú nínú wọn. Ẹ̀yin ọmọ bàbá kan ṣoṣo kò lè dá a tà. Bí bàbá yín tilẹ̀ kọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú wíìlì fún ẹnìkan, wíìlì náà kò mú un, torí ohun tí kì í ṣe ti èèyàn nìkan kò ṣeé fi tọrẹ.

Àárín ìlú ni èyí pọ̀ sí, ní Arákalẹ̀ àti àyíká Ọjà Ọba. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rìsíìtì ilẹ̀. Ẹ lọ bá àǹtí bàbá yín tó dàgbà jù, kí ẹ mú nǹkan dání, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ìtàn ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí yàrá kan bá wà tó ti wà ní títì láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń pè ní yàrá ìyá kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ béèrè ìyá wo ni, àti ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà.

Ìkejì: Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ni ín

Ẹ mú ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́. Gbogbo ọmọ ni, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti ìdí ìyá gbogbo. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin. Ẹni tó bá ní "àwọn obìnrin ti lọ sílé ọkọ" ń sọ ti ara rẹ̀ ni. Ọmọ tí Bàbá bí síta tó sì gbà pé òun ló ni ín, ọmọ ni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 42, kò fàyè gba kí ẹ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Ọmọ tó ti kú ṣùgbọ́n tó bímọ, ẹ kọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí ipò rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ẹnikẹ́ni nínú wọn sílẹ̀ nísinsìnyí, ọjọ́ tí ẹni tó fẹ́ rà á bá gbé owó wá ni ẹ máa gbúròó rẹ̀.

Ti ìyàwó ńkọ́? Lábẹ́ àṣà, ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé opó jáde nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi í sí. Bó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó kóòtù ni wọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ yí padà: òfin ìpínlẹ̀ lórí ìṣàkóso ogún fún un ní ìpín tirẹ̀. Ẹ wá ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó Màmá kí ẹ tó máa dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí Bàbá bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí àwọn ọmọ sì fẹ́ pín in bí Kùránì ṣe wí, kí gbogbo wọn fẹnu kò, kí ó sì wà lákọsílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan ọ̀nà tí ẹ ó gbà pín in. Méjì ni. Ìdí igi: ẹ ó fi iye ìyá tó bímọ fún Bàbá pín in, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan wá pín ti ìdí ìyá wọn. Orí ojorí: ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọgbọọgba, a ò wo ìyá. Suberu Dawodu, ará Èkó kan, kú ní 1940 láìṣe wíìlì, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ rìn títí ó fi dé Privy Council, kóòtù kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹjọ́ wa ṣì ń dé nígbà náà. Ní 1962, wọ́n ní ìdí igi ni àṣà tó fìdí múlẹ̀, àmọ́ bí àríyànjiyàn bá wà láàrin àwọn ọmọ, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n fi orí ojorí pín in. Bí òfin ṣe wà nìyẹn títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é kó lè yé wa. Ká ní ₦36 mílíọ̀nù ló kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, tí ìdí sì jẹ́ mẹ́ta: ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí méjì, ìkẹta bí márùn-ún. Bí ẹ bá lo ìdí igi, ìdí kọ̀ọ̀kan mú ₦12 mílíọ̀nù. Ọmọ ìyálé á dá ₦12 mílíọ̀nù mú. Àwọn méjì á mú ₦6 mílíọ̀nù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún á mú ₦2.4 mílíọ̀nù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá lo orí ojorí, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á mú ₦4.5 mílíọ̀nù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá rí i pé ẹnìkan lè máa bá yín fa ₦5 mílíọ̀nù lórí iye ilé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà pín in ló máa sọ ìpín tirẹ̀ di púpọ̀ tàbí kékeré. Èyí ni kí ẹ yanjú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iye, nígbà tí ojú owó kò tíì yọ.

Ẹ tún sọ ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí àti aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan. Dáwódù, àgbà nínú àwọn ọmọkùnrin, ni àṣà sábà máa ń mú. Òfin rẹ̀ kò le: bí mọ̀lẹ́bí kan bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò jẹ́ nǹkankan. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn aṣojú gbọ́, àwọn yẹn lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì tú u ká, bí wọn kò bá fi falẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ èyí, lọ́yà rẹ̀ á sì bi yín.

Ìkẹta: Ìwé ilé

Rìsíìtì ilẹ̀, ìwé sọ́fè, C of O (ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún onílẹ̀) tàbí ìwé tí ẹni tó ta ilẹ̀ fún Bàbá kọ fún un, pílánù ilé tí ìjọba fọwọ́ sí, ìwé owó iná. Ìwé ẹ̀rí ikú Bàbá pẹ̀lú. Ẹ ṣe ẹ̀dà fún gbogbo ìdí, kí ògidì wà lọ́wọ́ lọ́yà tàbí ní báńkì. Ìwé tó bá wà lábẹ́ tìmùtìmù ẹnìkan ti di ohun ìjà, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn.

Kí lọ́yà lọ yẹ ìwé wò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Alágbàká. Ohun tó ń wá ni bóyá Bàbá fi ilé yá owó báńkì, bóyá ilẹ̀ náà wà lára èyí tí ìjọba ti gbà, tàbí bóyá ẹnìkan ti gbé àtakò sí i. Kí sọ̀fíyọ̀ ilẹ̀ náà tún ìwọ̀n gbé. Ògiri tí aládùúgbò sún wọlé díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí Bàbá ti dàgbà kì í hàn lójú ìwé àtijọ́.

Àìsí C of O kò ní kí ilé má ṣeé tà, ó kàn ń já iye rẹ̀ wálẹ̀ ni. Àwọn ẹbí kan máa ń fẹ́ gbà á kí wọ́n tó tà. Èmi ò ní kí ẹ má ṣe é, àmọ́ ẹ ṣírò owó àti àkókò tó máa gbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tó máa san án.

Bí ẹ bá ń fura pé ẹnìkan fẹ́ gbẹ́yìn tà á, ẹ kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì ní ọ̀dà pupa pé ilé yìí kì í ṣe títà. Gbogbo wa ti rí i káàkiri ìlú. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí lọ́yà kọ sí Alágbàká ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Ìkẹrin: Ìwé àṣẹ láti kóòtù

Bí wíìlì bá wà, àwọn tí Bàbá yàn sínú rẹ̀ ló máa lọ gba àṣẹ ní kóòtù gíga. Bí kò bá sí, ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní kóòtù gíga Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́, kí ẹ gba letters of administration, ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún. Wọ́n á kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀. Ẹni méjì sí mẹ́rin ni kí ẹ yàn láti gbà á. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn wá láti ìdí ìyá kan. Alábòójútó sì ni wọ́n. Ilé kò tipa bẹ́ẹ̀ di tiwọn.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Kóòtù máa ń gba owó ní ìbámu pẹ̀lú iye ogún, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ iye tó kéré sínú fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹni kan náà tó fi ìbúra sọ pé ilé kò ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ á dìde níwájú ẹbí pé àwọn kò gbọdọ̀ gba iye tó dín ní àádọ́ta mílíọ̀nù. Àbúrò tó fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú á fa ìwé kóòtù yọ: "Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí." Kí lẹ fẹ́ fèsì? Iye tó bá jẹ́ òótọ́ ni kí ẹ kọ.

Ìkarùn-ún: Ta ló ń jẹ ilé?

Bí ayálégbé bá wà, ẹnìkan ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kó kọ ọ́: yàrá mélòó, èló ni yàrá kan lọ́dún, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, kí ló fi tún ṣe. Ẹ má pè é ní olè níwájú èèyàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó yẹn ló fi tún òrùlé ṣe, tó fi ra oògùn Màmá, tó fi san owó iná. Bí ìṣirò bá fi hàn pé owó ẹbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè yọ ọ́ lára ìpín rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pín in. Bó bá jẹ́ pé òun ni ẹbí jẹ lówó, ẹ san án fún un kí ẹ tó pín nǹkankan.

Ẹni tó wà lókè òkun tó fi owó ránṣẹ́ láti fi kan òrùlé tuntun tàbí láti fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lójú òfin, àtúnṣe tí mọ̀lẹ́bí ṣe sára ilé ẹbí kò sọ ilé di tirẹ̀, kò sì sọ ìpín rẹ̀ di ńlá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òfin nìkan dá a lóhùn, kò ní fọwọ́ síwèé fún yín láéláé. Ẹ wo rìsíìtì tó ní, ẹ fẹnu kò lórí iye tí ẹ ó dá padà fún un, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì parí rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti ayálégbé, ẹ sọ fún wọn láìpẹ́. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn àti bí òfin ṣe wí, ilé tí èèyàn sì kún inú rẹ̀ kì í tètè tà àyàfi fún ẹni tó fẹ́ máa gba owó ilé lọ.

Ìkẹfà: Iye ilé

Ẹni tó yẹ kó díye lé ilé ni adíyelé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa fún àwọn oníṣẹ́ yìí níwèé àṣẹ. Estate surveyor ni wọ́n ń pe ara wọn. Yunifásítì FUTA níbí ń kọ́ wọn níṣẹ́ náà, nítorí náà wọn kò wọ́n nílùú. Ẹ béèrè èdìdì àti nọ́ńbà rẹ̀.

Éjẹ́ǹtì kì í ṣe adíyelé. Ó lè mọ àdúgbò bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́, ó sì wúlò nígbà títà, àmọ́ owó tirẹ̀ ń bọ̀ lára títà ni. Òmíràn á dá iye gíga fún yín kí ẹ lè gbé iṣẹ́ fún un, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta á ní ọjà ti kú, ẹ jẹ́ ká gba ìdajì. Òmíràn ti ní ẹni tó fẹ́ fi ilé náà lé lọ́wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Báwo ni adíyelé ṣe ń ṣe é? Ó ń wo ilé tó jọ ọ́ ládùúgbò kan náà, iye tí wọ́n *tà* wọ́n. Iye tí wọ́n *ń pè* wọ́n jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbọ́n yín tó gbọ́ ọgọ́ta ní Ìjàpọ̀, iye tí wọ́n pè é ló gbọ́, ilé yẹn sì wà nínú ẹ̀sítéètì tó ní títì àti C of O, tiyín wà ní Òkè-Àró. Ó tún ń ṣírò iye tí yóò ná èèyàn láti kọ́ irú ilé náà lónìí, á yọ ti ogbó àti bíbàjẹ́ kúrò, á fi iye ilẹ̀ kún un. Bó bá sì jẹ́ ilé tí ayálégbé kún inú rẹ̀, á ṣírò owó tó ń wọlé lọ́dún.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹbí kì í fẹ́ gbọ́. Ilé alámọ̀ tí Bàbá bí gbogbo yín sí nítòsí Ọjà Ọba lè má ju ilẹ̀ lásán lọ lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Á tún yọ owó tí yóò fi wó o kúrò nínú iye. Ilẹ̀ tó sún mọ́ odò Àlà, omi ń wọ ibẹ̀, ìjọba sì lè ní ẹ ti kọ́lé jù sẹ́bàá omi. Ilé tó kọjú sí títì ńlá níye lórí nítorí ṣọ́ọ̀bù, àyàfi tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kọ àmì wíwó sí i lára nítorí fífẹ títì. Kò sí adíyelé tó lè kọ òógùn Bàbá sínú iye. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ilé kò mọ Bàbá.

Bí ẹ ṣe máa gbé iṣẹ́ fún un:

Kí lẹ́tà iṣẹ́ jáde lórúkọ gbogbo ẹbí, kí aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ẹ sì jọ dá owó rẹ̀. Ẹni tó bá dá san án làwọn yòókù máa ní ó ra iye. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi iye náà ṣe, torí iye tí ilé yóò mú bí ẹ bá ní sùúrù yàtọ̀ sí èyí tí yóò mú bí ẹ bá fẹ́ tà á ní kíákíá. Ẹ ní kó kọ méjèèjì. Ẹ má sọ iye tó wà lọ́kàn yín fún un. Lọ́jọ́ tó bá wá wo ilé, kí ẹni kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí gbogbo yàrá ṣí, títí kan ti àbúrò tó ń gbé ibẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ sọnù.

Bí ẹbí bá ti pín sí méjì tí ẹ kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnìkan, kí ìhà kọ̀ọ̀kan mú adíyelé tirẹ̀ wá. Àmọ́ kí iye wọn tó jáde, ẹ ti kọ ọ́ pé bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, àárín lẹ ó mú. Ká ní ọ̀kan sọ ₦38 mílíọ̀nù, èkejì sọ ₦41 mílíọ̀nù: ₦39.5 mílíọ̀nù ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn adíyelé méjèèjì jọ yan ẹnì kẹta, iye tirẹ̀ sì ni abẹ gé. Ẹbí tó bá dúró di ìgbà tí iye ti jáde kí wọ́n tó ṣe irú àdéhùn yìí kì í rí i ṣe mọ́.

Iye a máa gbó o. Láti oṣù kẹfà 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, sìmẹ́ǹtì àti irin kò dúró sójú kan. Ìwé iye ti ọdún tó kọjá kò wúlò fún títà lónìí. Bí ẹ bá ti jà kọjá oṣù mẹ́fà, ẹ tún pè é.

Sàréè Bàbá

Mo fi èyí sí àyè tirẹ̀ nítorí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ títà dúró. Bí a bá sin Bàbá sí iwájú ilé, tí ẹ fi táìlì funfun bò ó, tí ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, ẹni tó fẹ́ rà á á wọlé, á rí i, á sì rẹ̀ ẹ́. Ẹ má pa á mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, bí ilẹ̀ bá fẹ̀ tó, kí sọ̀fíyọ̀ gé apá ibi tí sàréè wà kúrò nínú ohun tí ẹ ń tà, kí ẹ̀yin ẹbí ní ọ̀nà tiyín débẹ̀ láti títì. Ìkejì, kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó rà á kò ní wú u, ẹ sì gbà pé á gé díẹ̀ kúrò nínú owó. Ìkẹta, kí ẹ hú u, kí ẹ tún un sin sí itẹ́ òkú. Èyí gba ìyọ̀ǹda àwọn aláṣẹ, ó sì gba kí gbogbo ọmọ gbọ́ sí i. Kì í ṣe ohun tí ẹ ń háyà oníṣọ́bìrì wá ṣe lóru. Ẹ yan ọ̀kan kí adíyelé tó dé, torí ó kan iye.

Ìkeje: Bí ẹnìkan nínú yín bá fẹ́ rà á

Ẹ fún un láyè kí ẹ tó wá ará ìta. Ṣùgbọ́n iye tí adíyelé kọ ni kó san. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, bó bá jẹ́ orí ojorí, tí ẹ sì gbà pé ₦36 mílíọ̀nù ni, ẹni tó fẹ́ dá a ní á san ₦31.5 mílíọ̀nù fún àwọn méje yòókù, torí ₦4.5 mílíọ̀nù jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fún un ní gbèdéke. "Màá máa san án díẹ̀díẹ̀" lọ̀nà tí ilé fi ń bọ́ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́: owó tó jẹ́ owó lónìí kò ní tó ra nǹkankan lọ́dún mẹ́ta sí i, onítọ̀hún á sì ti dàgbà sínú ilé. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lẹ fẹ́ gbà, kí ó kọ sínú ìwé lọ́yà pé iye tó bá kù yóò máa yí padà pẹ̀lú iye ilé, kí ilé má sì di orúkọ rẹ̀ títí yóò fi san tán.

Bí ẹni méjì bá ń fẹ́ ẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ iye tirẹ̀ sínú àpòòwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ṣí i lójú gbogbo ẹbí. Ẹni tó bá kọ jù ló ni ín.

Bí ẹnìkan bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dùn ún. Nígbà míì, àbúrò tó kọ̀ kò ní ibi tí yóò sùn bí ilé bá lọ. Owó háyà ọdún méjì tí ẹ bá yọ sílẹ̀ fún un lè ṣe ohun tí ìpàdé kò lè ṣe. Ẹ pe àgbà ẹbí ìyá yín, tàbí pásítọ̀ tàbí ìmáàmù tí gbogbo yín ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn ìjòyè àdúgbò àti ààfin Déjì náà ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí, ẹnu wọn sì ń mú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù ló lè fi agbára òfin tì í lẹ́yìn.

Bí ẹ bá dé kóòtù, adájọ́ lè ní kí ẹ gé ilé sí ìpín bó bá ṣeé gé, tàbí kí wọ́n tà á kí ẹ pín owó rẹ̀. Ọdún a máa gorí ọdún. Ẹ má tà á nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá rà á nígbà náà, ẹjọ́ ló rà.

Ìkẹjọ: Títà

Éjẹ́ǹtì kan tàbí méjì, kí àdéhùn iye tí ẹ ó fún un wà lákọsílẹ̀. Bí ẹ bá fi í sọ́wọ́ gbogbo ayé, éjẹ́ǹtì márùn-ún á pe iye márùn-ún, ẹni tó fẹ́ rà á á rò pé ebi ń pa yín. Ẹ yan ẹni méjì láti ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí yóò máa bá wọn nájà, kí ẹ fún wọn ní iye tí wọn kò gbọdọ̀ tẹ̀ wálẹ̀ kọjá rẹ̀ láìpadà wá bi ẹbí.

Ẹni tó wà lókè òkun kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn. Kó ṣe power of attorney, ìwé tó ń fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣojú ẹni, fún ẹni tó fọkàn tán, níwájú nótárì tàbí ní ọ́fíìsì Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, kó sì fi ògidì ránṣẹ́. "Mo fọwọ́ sí i" lórí WhatsApp kò tó lọ́yà.

Kí gbogbo aṣojú ìdí, olórí ẹbí àti àwọn tí orúkọ wọn wà lórí ìwé kóòtù fọwọ́ sí ìwé títà. Bí ilé bá ní C of O, Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí títà tó fìdí múlẹ̀. Ẹ sọ nínú àdéhùn bóyá ẹ̀yin tàbí ẹni tó rà á ló máa san owó rẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ìjà ẹ̀yìn títà ti ń wá.

Ìkẹsàn-án: Owó

Kí owó má gba inú àkáǹtì ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹ ṣí àkáǹtì kan ní báńkì tó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta láti ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, tàbí kó wọ àkáǹtì tí lọ́yà ń fi owó oníbàárà sí. Bùrọ̀dá tó bá ní "kí wọ́n fi sínú tèmi, kò séwu" lè jẹ́ olóòótọ́ pátápátá. Àmọ́ bó bá kú lóṣù kejì, owó yín ti di ogún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ owó éjẹ́ǹtì, lọ́yà, adíyelé àti kóòtù, gbèsè iná BEDC, owó orí bí lọ́yà bá ní ó kàn yín, àti ohun tí ẹ ti gbà láti dá padà fún ẹnikẹ́ni ní ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan tí gbogbo èèyàn lè kà. Lẹ́yìn náà ni ìpín. Kí báńkì fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i pé òun ti gba tòun. Ìpín ọmọ tí kò tíì tó ọdún méjìdínlógún, ẹ fi pamọ́ sí báńkì lórúkọ rẹ̀, kí ẹni méjì máa mójú tó o. Ẹ má kó o fún ẹnìkan pé kó máa fi rán an níléèwé.

Ìwé títà, ìwé ìṣirò àti ìwé ìgbowó, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ọ̀dà pupa tó wà lára fẹ́ǹsì rẹ́ kí ẹ tó fún ẹni tó rà á ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì yí orúkọ Bàbá kúrò lórí mítà.